Bí Mo Ṣe Ń Fi Fíìmù Dúdú-àti-Funfun Ya Ojú Ènìyàn

Ẹ má tíì gbé fíìmù sínú kámẹ́rà. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà, kí ẹ̀gbẹ́ ojú kan mọ́lẹ̀, kí ìkejì wà nínú òjìji. Bí ara ẹni tó jókòó bá ṣì le, ẹ tẹ kámẹ́rà òfìfo náà lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Ẹ̀tàn ni, mo gbà, ṣùgbọ́n èjìká á wálẹ̀.

Fíìmù HP5 Plus ti ilé-iṣẹ́ Ilford ni mo ń lò, ISO 400 (bí ó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), rólù 120 (irú fíìmù fífẹ̀). Nínú kámẹ́rà 6×6 (àwòrán sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6), àwòrán 12 péré ló ń gbà, ó sì tó mi. Ẹni tó bá ní àyè ẹgbẹ̀rún kì í fara balẹ̀ wo ojú ènìyàn.

Ìmọ́lẹ̀ wíwọ̀n ló ń da àwọn tó ti mọ́ dígítà lára láàmú. Ibi títàn ni wọ́n ń ṣọ́. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tó tàn jù díẹ̀ ṣì ń wà lórí nẹ́gátíìfù (fíìmù tí a ti fọ̀, níbi tí dúdú ti di funfun), àmọ́ òjìji tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, kò sí oògùn tó lè mú un jáde. Nítorí náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú òjìji ni kí ẹ wọ̀n. Àwọ̀ eérú ni ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ ń rò pé gbogbo nǹkan jẹ́. Bí ó bá sọ pé 1/30 (ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá), mo máa ń lo 1/60, ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà, kí òjìji lè dúdú, síbẹ̀ kí awọ ara hàn. Mi ò kọjá ibẹ̀.

Ẹyinjú tó sún mọ́ kámẹ́rà ni kí ẹ mú hàn kedere. Ní f/4 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ibi tó ń hàn kedere kò jìn; ẹni tó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ ní kí ó fẹ̀yìn ti àga.

Inú òkùnkùn biribiri ni ẹ ó ti wé fíìmù sínú tánkì tí a fi ń fọ̀ ọ́. ID-11 (oògùn tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù) àti omi, ìdajì-ìdajì, 20°C, ìṣẹ́jú 13. Ẹ dojú tánkì délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí fèrèsé bá tàn gan-an, mo máa ń dín in kù sí ìṣẹ́jú 11, kí iwájú orí má baà funfun bí bébà. Fún oògùn yòókù, ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lára ìgò.

Bí fíìmù bá gbẹ, ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí òjìji bá ṣófo, tí ẹ kò rí awọ ara níbẹ̀, ẹ lo 1/30 tí ẹ̀rọ sọ gan-an nígbà mìíràn.