Bí A Ṣe Ń Ka Ògiri Kòtò Yẹ̀pẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí ògiri rẹ̀ kò ga ju èjìká yín lọ. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ ògiri gíga lẹ́yìn òjò. Yẹ̀pẹ̀ kì í kìlọ̀ kó tó ya. Ẹ kó àdá, téèpù, ìwé, pẹ́ńsùlù, ìgò omi kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ méjì dání.

Fífá ojú ògiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òjò ti fọ yẹ̀pẹ̀ pupa láti òkè wá kun gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò bá fá a á ní yẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo ló wà látòkè délẹ̀. Ẹ fi àdá fá a ní ìbú 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sún sẹ́yìn wò ó. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ wọn ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyẹn yẹ̀pẹ̀ tó tò léra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka ra díẹ̀ wò: amọ̀ ṣeé yí bí okùn, yanrìn á fọ́. Ẹ kọ bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti bóyá ààlà rẹ̀ gé ṣáká tàbí ó ń wọnú ara wọn.

Ẹ fi ìlà pín ojú ìwé sí méjì. “Òkúta róbótó, 2 sẹ̀ǹtímítà” wà lápá òsì, nítorí ojú ló rí i. “Omi ló gbé e wá” wà lápá ọ̀tún, nítorí èrò ni. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ kò ní lè tún èrò yẹn yẹ̀ wò lọ́la.

Báyìí ni Nicolaus Steno, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Dẹ́ńmáàkì, ṣe rí ọ̀nà. Àwọn kan nígbà ayé rẹ̀ ní ojú ọ̀run ni òkúta kan tó jọ eyín ti já bọ́, bí àwa náà ṣe ń sọ nípa ẹdùn àrá. Ní 1666, ó la orí ẹja ekurá ní ìlú Florence ní Ítálì, ó fi eyín inú rẹ̀ wé òkúta náà, ó rí i pé eyín ni. Ní 1669 ó kọ ọ́ pé ìpele ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀ ṣáájú tòkè, àti pé ohun tí omi bá tẹ́ máa ń tẹ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin yẹn kò sọ pé yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dàgbà jù níbi gbogbo. Lára ebè Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yẹ̀pẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́kọ́ wà jáde, nítorí náà òun ló wà nísàlẹ̀, wọ́n sì da ti inú kòtò jíjìn lé e lórí. (Ojú nìkan ni kí ẹ fi wo Erédò o, ẹ má fi àdá kàn án.) Àwọ̀ náà ń tanni jẹ: omi inú ilẹ̀ máa ń kó irin kiri, á mú apá kan pupa, apá kan funfun. Tí hóró bá rí bákan náà ní ìhà méjèèjì, ìpele kan náà ni. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ìlà dúdú àti funfun inú òkúta líle kì í ṣe ìpele omi. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló fà á.

Lọ́nà Ṣágámù, ẹ lọ òkúta díẹ̀ kúnná, ẹ fún ọsàn lé e. Tó bá hó, òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì.

Ẹ tún lọ sí kòtò míràn, bíi 100 mítà sí i. Tí ìpele kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ pé kò sí. Tí ẹ bá ya àwòrán kòtò méjèèjì, ẹ má fa ìlà ìpele náà dé ibi tí ẹ kò ti rí i.