Oògùn jẹjẹrẹ tó ṣiṣẹ́ lára èkúté: àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe bí a bá gbọ́ ọ

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi ní Ìtòkú ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ohùn kan wọlé sórí WhatsApp rẹ̀: àwọn onímọ̀ òyìnbó ti rí oògùn tó pa jẹjẹrẹ run lára èkúté. Àdìrẹ ni Àǹtí ń ká, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èmi jọ èkúté ni? Ọjọ́ wo ni wọn ò wo èkúté sàn? Wọ́n ti rí oògùn ẹ̀ tipẹ́, wọ́n kó o pamọ́ ni." Oníbàárà tó dúró tì wá ní, "Àbí ẹ ò rí nǹkan!"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn dáa. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ni àṣìṣe, òun ni mo sì ń gbọ́ jù ní Abẹ́òkúta níbí.

Ẹ má sọ pé wọ́n kó o pamọ́. Ta ló ní ọjà tó ń tà wàràwàrà tí yóò tì í mọ́ yàrá? Ẹ wo imatinib, oògùn irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ọdún 1996 ni ìròyìn jáde pé ó ṣiṣẹ́ lára èkúté; nígbà tó fi máa di 2001, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún èèyàn, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Ọdún 2003 ni àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwòsàn Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìpamọ́ wo nìyẹn?

Àmọ́ ẹ má sáré dúpẹ́ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ìwé ìròyìn New York Times gbé iṣẹ́ dókítà Judah Folkman ti Boston sójú ewé àkọ́kọ́. Oògùn rẹ̀, endostatin, ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó jẹjẹrẹ, kókó náà á sì súnkì lára èkúté. Iye owó ṣíà ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn náà fò sókè lójijì. Folkman fúnra rẹ̀ ló ní bó o bá jẹ́ èkúté tó ní jẹjẹrẹ, àwọn lè tọ́jú ẹ dáadáa. (Ẹ ó ní òun àti Àǹtí mi ti jọ sọ̀rọ̀ rí.) Lára èèyàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ èrò náà kò kú: ọdún 2004 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, tí òun náà ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Kí ló fà á tí ohun tó ṣiṣẹ́ lára èkúté fi lè kùnà lára èèyàn? Èkúté láàbù kò wúwo ju bíi gíráàmù 25 lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ara rẹ̀ kò lágbára láti gbógun ti àrùn ni wọ́n ń lò, kí jẹjẹrẹ èèyàn lè gbà níbẹ̀. Wọ́n á gbìn ín sábẹ́ awọ, ìtọ́jú á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tiwa lè ti wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó ti rìn kiri. Bí aró bá mú lára àkísà, ẹ kò tíì pa ìgàn aṣọ láró. Ṣùgbọ́n aláró wo ló máa da ìkòkò nù nítorí pé àkísà ló fi dán an wò?

Ẹ má sì ka àkọlé nìkan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń fi "èkúté" sí.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ní kókó lọ́mú, tó ní òun ń dúró de oògùn tuntun, tàbí tó ní irọ́ ni gbogbo wọn, tó wá jókòó ti àgbo. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà kò jìnnà. Iṣẹ́ abẹ tó wà níbẹ̀ lónìí, ara èèyàn ni wọ́n ti dán an wò.

Àǹtí bi mí pé ọdún mélòó ni tuntun yìí máa gbà. Mo sọ ti James Allison, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fún un, tó kọ́ ara èkúté láti bá jẹjẹrẹ jà: ọdún 1996 ni ìròyìn rẹ̀ jáde, 2011 ni wọ́n tó fọwọ́ sí oògùn tó ti inú iṣẹ́ náà wá fún èèyàn. Ó fi ìka ṣírò. "Màá ti lé lọ́gọ́rin ọdún." Ló bá na etí àdìrẹ kan sí mi pé kí n bá òun dì í mú.