Bí ẹ ṣe lè ya táǹkì Ítálì tí wọn kò ṣe rí

Kí ẹ tó fi pẹ́ńsù kan ìwé, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ojú àwọn ọmọ ogun Ítálì ti rí màbo. Dembeguina ní Ethiópíà ni mo mú, oṣù Kejìlá ọdún 1935. Táǹkì kékeré L3 tí Fiat àti Ansaldo jọ ṣe ni wọ́n gbé lọ. Iwájú nìkan ni ìbọn rẹ̀ kọjú sí. Bí ọ̀tá bá wà lẹ́yìn, àfi kí odindi ọkọ̀ yí padà. Àwọn jagunjagun Ras Imru, ọ̀gágun Ethiópíà, sì gba ẹ̀yìn yọ sí wọn.

Ẹ wá mú ọdún kan, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 1936, ẹ má lo ẹ́ńjìnnì táǹkì 1940. Ìbọn Breda 20 mm (Breda ni ilé iṣẹ́ Ítálì tó ṣe é, 20 mm ni ìbú ẹnu rẹ̀) ti wà nígbà náà, ẹ lè lò ó.

Ó kan ilé ìbọn tó ń yí lórí ọkọ̀. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Irin tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, tó nípọn ní 1 mm, wúwo tó kílò 8. Bí ilé ìbọn yín bá gba irú irin bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ fi 14 mm ṣe é, 8 lọ́nà 14 lọ́nà 3: kílò 336, ìbọn kò tíì sí nínú rẹ̀ o! Ara ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i kó tó lè gbé e.

L3 wúwo tó tọ́ọ̀nù 3.2, agbára ẹṣin 43 ló ń wọ́ ọ: bíi 13 fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹ sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù 5 láì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò ní tó 9 mọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa mí hẹlẹ lórí òkè Alps ní àríwá Ítálì. Ẹ wá ẹ́ńjìnnì tó tó 70.

Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ jù, torí ọ̀nà orí òkè há. L3 kò ju mítà 1.4 lọ.

Ẹ fi rédíò sí i. Ìyẹn kò ṣeé fojú fò.

Níkẹyìn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ L6/40, táǹkì tí Ítálì fúnra rẹ̀ padà ṣe: Breda 20 mm, ilé ìbọn tó ń yí, tọ́ọ̀nù 6.8. Bí tiyín bá fúyẹ́ jù ú lọ gan-an, ẹ tún un ṣírò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé ọta, epo, àti àwọn tó máa jókòó sínú rẹ̀.