«Argument list too long»: àwòrán 90,000 tí rm kò lè pa

Àbúrò mi kan tó ń bójú tó kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse, l'Ábùjá níbí, ló fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́. Dísìkì ti kún. Mo wọ fódà tí kámẹ́rà ń kó àwòrán sí, mo tẹ `rm *.jpg` láti pa wọ́n, ó ní `bash: /usr/bin/rm: Argument list too long`. Àwòrán ibẹ̀ á tó 90,000. Àbí dísìkì ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, má tíì náwó. rm ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí o bá tẹ̀, ló ń túmọ̀ ìràwọ̀ (*) yẹn, kì í ṣe rm. Á to orúkọ gbogbo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á dì wọ́n lẹ́rù, á ní kí kernel, ọkàn Linux tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ, bá òun gbé e fún rm. Kernel wo ẹrù náà, ó ní kò lè gba ẹnu ọ̀nà òun kọjá.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mú orúkọ kan nínú fódà rẹ, `kamera2-20250314-081502.jpg`. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì inú ẹ̀ jẹ́ 27, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báìtì kan tó ń parí orúkọ sọ ọ́ di 28, báìtì 8 tí wọ́n fi ń tọ́ka sí i sọ ọ́ di 36. Ìlọ́po 90,000 rẹ̀ jẹ́ 3,240,000. Wàyí o, tẹ `getconf ARG_MAX`, kí o rí iye báìtì tí kernel lè gbà. Bí stack ẹ̀rọ rẹ, ìyẹn àyè mẹ́mórì tí ètò fi ń ṣiṣẹ́, bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 8 bó ṣe máa ń wà, 2097152 lo máa rí. Environment variable, ìyẹn àwọn iye tí bash máa ń fi ránṣẹ́ sí ètò, sì tún ń jẹ nínú àyè yẹn.

Ohun tí wàá tẹ̀ nìyí:

`find . -maxdepth 1 -name '*.jpg' -mtime +30 -delete`

Má gbàgbé àmì ' yẹn o, bí o bá yọ ọ́, bash á tún sáré túmọ̀ ìràwọ̀ náà, a ó sì padà síbi tá a ti wà. Èmi ló fi `-mtime +30` sí i, kí àwòrán oṣù kan tó kọjá má bàa bá a lọ; ọ̀gá rẹ lè béèrè ẹ̀ lọ́la. Kọ́kọ́ fi `-print` rọ́pò `-delete`, kí o wo ohun tó fẹ́ pa.

Bó bá jẹ́ àṣẹ mìíràn ni, bíi gzip tó ń fún fáìlì pọ̀, fi `-exec gzip {} +` parí ẹ̀ dípò `-delete`. Àmì + yẹn dà bí ọmọlanke inú ọjà: á kó ìwọ̀n tó lè gbé, á já a sílẹ̀, á padà wá kó òmíràn. Bí o bá fi `\;` sí i, ìgbà 90,000 ni yóò pe gzip, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó parí, jẹnẹrétọ̀ ti jẹ epo tán.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n `echo *.jpg` ṣiṣẹ́ fún mi!

Ìdáhùn: Inú bash ni echo ń gbé. Ẹrù ẹ̀ ò dé ẹnu ọ̀nà kernel.

Ìbéèrè: Ṣé a ò kúkú lè yọ òdiwọ̀n náà kúrò?

Ìdáhùn: Wọ́n ti yọ èyí tó le jù níbẹ̀ láti 2007. Kí Linux 2.6.23 tó dé, ojú-ewé mẹ́mórì 32 péré ni kernel ń yà sọ́tọ̀ fún ẹrù yìí, ìyẹn kílóbáìtì 128, ibẹ̀ ló sì máa ń kó o sí ná kó tó gbé e fún ètò tuntun. Ìgbà yẹn le o! Látìgbà náà, stack ètò tuntun gan-an ni kernel ń kó o sí tààrà, ìdá mẹ́rin stack náà kan ló sì gbà wá láyè, kí ètò lè rí ibi jókòó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí `ulimit -s 16384`, tó ń sọ stack di mẹ́gábáìtì 16, á fi sọ òdiwọ̀n tìrẹ di mẹ́gábáìtì 4, tí `rm *.jpg` á sì kọjá. Ṣùgbọ́n láti Linux 4.13, kò lè ju mẹ́gábáìtì 6 lọ, kódà bí o bá kọ `unlimited`. Èmi kì í fi ulimit ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwòrán ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àfi kí o máa gbé òdiwọ̀n lé e lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ẹ má bínú, ó tún ku ẹyọ kan. Mo fẹ́ fi curl gbé fáìlì kan ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ `curl -d "$(cat iroyin.json)"`, ó sọ ohun kan náà. Fáìlì ọ̀hún kò ju kílóbáìtì 200 lọ, mo sì ti gbé ulimit sókè.

Ìdáhùn: Ìyẹn yàtọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹrù tí bash dì kò gbọdọ̀ kọjá báìtì 131,072, ulimit ò sì kan èyí rárá. Kọ ọ́ báyìí: `curl --data-binary @iroyin.json`, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì rẹ. Orúkọ fáìlì nìkan ló máa gba ẹnu ọ̀nà. Curl á fúnra ẹ̀ ṣí i kà.