Bí A Ṣe Ń Lo Búráúsà: Ìtọ́ni fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ káfẹ́ ní Adó-Èkìtì láti wo èsì ìdánwò tàbí láti kọ fọ́ọ̀mù ló máa ń sọ pé, “Ẹ bá mi ṣí Google,” nígbà tó jẹ́ pé búráúsà ni wọ́n fẹ́ kí a ṣí. Google jẹ́ ìkànnì kan tí a fi ń wá nǹkan, ṣùgbọ́n búráúsà, bíi Chrome, Firefox, Opera tàbí Safari, ni a fi ń dé ìkànnì náà àti gbogbo ìkànnì yòókù. Ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe Adó tí a ń lọ.

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù nígbà tí mo bá ń kọ́ ènìyàn ni àpótí tóóró tí àdírẹ́sì máa ń hàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ lásán sínú rẹ̀, búráúsà yóò fi ọ̀rọ̀ náà wá nǹkan, yóò sì kó ọ̀pọ̀ èsì jọ síwájú yín, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lókè pátápátá lè jẹ́ ìpolówó tí ẹnìkan sanwó fún, tí a kọ Sponsored sí lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì gan-an, bíi ekitistate.gov.ng tí í ṣe ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tààrà ni yóò gbé yín débẹ̀.

Àdírẹ́sì yìí, kíkà ni ẹ máa kà á, ẹ má kàn wò ó gààràgà. Ẹ wá ìlà wíwọ́ (/) àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé https:// tó máa ń bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì, kí ẹ sì kà á padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, nítorí ohun tó kángun sí ìlà náà ló ń sọ ẹni tó ni ìkànnì. Ti ìjọba Nàìjíríà ni gov.ng. Bí .com tàbí nǹkan mìíràn bá tún wá lẹ́yìn gov.ng kí a tó kan ìlà náà, kì í ṣe ti ìjọba mọ́, bó ti wù kí àmì ìjọba tó wà lójú ìwé náà tóbi tó. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, bí ẹnìkan bá pe ilé ní “ulé”, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Búráúsà kò mọ irú ìyẹn o: bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, ilé onílé ni ẹ yà sí.

Ẹ má sì gbára lé https nìkan. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́; gbájúẹ̀ pàápàá lè ní i. Nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣi àmì àgádágodo tó dúró fún https lóye ni Chrome ṣe yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ní ọdún 2023.

Ìyókù kò le. Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti T pọ̀ lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ṣí táàbù tuntun, ìyẹn ojú ìwé mìíràn nínú búráúsà kan náà. Ctrl, Shift àti T ń dá èyí tí ẹ ṣèèṣì pa padà. Ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì ń fi ìkànnì pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn. Ctrl àti F ń wá orúkọ nínú ìwé gígùn, ó sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. Ctrl àti àmì ìròpọ̀ (+) ń mú kí lẹ́tà tóbi, èyí tí àwọn àgbà tí mo ti kọ́ fẹ́ràn jù lọ.

Ní káfẹ́, ojú ìwé Incognito ni kí ẹ lò, nítorí pé kò ní fi àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ sílẹ̀ sínú búráúsà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Àmọ́ ẹni tó ni íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ṣì lè mọ àwọn ìkànnì tí ẹ dé, fáìlì tí ẹ bá sì gbà sílẹ̀ yóò wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí búráúsà bá bi yín bóyá kí òun tọ́jú páswọ́ọ̀dù yín, ẹ kọ̀ fún un. Kí ẹ tó dìde, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, ẹ pa fáìlì yín rẹ́ nínú Downloads, kí ẹ sì pa gbogbo táàbù tí ẹ ṣí dé.