Bí a ṣe ń fi ohun tí sátẹ́láìtì rí tún àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì òkun ṣe

Igbó Olókun wà nílé Ifẹ̀, òkun gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ò ní kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti dátà ní Ifẹ̀ má lè bá èèyàn rẹ̀ ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ṣọ́ ìgbì tó ń bọ̀. Ìgbì ńlá tó ń ya wọlé níbẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ò tilẹ̀ fẹ́, ìjì líle ní ìsàlẹ̀ gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì ló sábà máa ń bí i.

Ẹ kọ́kọ́ gba àsọtẹ́lẹ̀ WAVEWATCH III, mọ́dẹ́ẹ̀lì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìgbì) tí NOAA, àjọ tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yọ gíga ìgbì ọ̀nà jíjìn, ìyẹn èyí tí ìjì òkèèrè bí, sọ́tọ̀. Ẹ má lo gíga àpapọ̀, torí ìgbì tí atẹ́gùn àdúgbò ń rú sókè ti wọnú rẹ̀. Ẹ kọ ibi tó ti ń bọ̀ sílẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín orí ìgbì kan àti èkejì.

Iye ìṣẹ́jú àáyá yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Ẹ fi 0.78 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye mítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan lójú agbami. Ìgbì tó jẹ́ 14 ń rìn bíi kìlómítà 940 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ 16 ń rìn bíi 1,080. Tí ìjì bá wà ní kìlómítà 5,500 sí wa, ìyàtọ̀ yẹn tó wákàtí 17. Mọ́dẹ́ẹ̀lì lè mọ gíga ìgbì dáadáa, kó ní agogo méje àárọ̀ ni yóò dé, kó wá jẹ́ agogo méjìlá òru ni yóò ya wọ ilé ọlọ́mọ.

Ó kan sátẹ́láìtì. Ní ti ìgbì, gíga àpapọ̀ nìkan ni Sentinel-6 ń wọ̀n. Rédà Sentinel-1 ló lè sọ bí ìgbì ọ̀nà jíjìn ṣe ga tó, bó ṣe gùn tó láti orí kan dé èkejì, àti ọ̀nà tó kọrí sí. Ẹ mú èyí tó kọjá láàárín kìlómítà 50 sí ojú ibi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ṣírò, kó má sì ju wákàtí kan síra.

Ká ní mọ́dẹ́ẹ̀lì pe ìgbì ní mítà 1.2, rédà pè é ní 1.6. Kò yẹ ká kàn pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì. Bí àṣìṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì bá sábà ń tó mítà 0.4, tí ti rédà jẹ́ 0.2, ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 0.16 àti 0.04. Ẹ fi àpapọ̀ wọn, 0.20, pín 0.16, 0.8 ló máa bọ́ sí. Ìyàtọ̀ mítà 0.4 tó wà láàárín wọn, ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi kún ti mọ́dẹ́ẹ̀lì: 1.52. (Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá wà.)

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ojú agbami lọ́hùn-ún ni ká ti tún un ṣe, bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé. Ìgbì ọ̀nà jíjìn ti kúrò lábẹ́ atẹ́gùn tó bí i, yóò gbé àtúnṣe náà dé èbúté. Ti ìgbì àdúgbò kì í pẹ́: atẹ́gùn mìíràn fẹ́, ó parí. Nítorí náà, ẹ fi 1.2 pín 1.52, bíi 1.27 nìyẹn, òun ni kí ẹ fi sọ gíga tí mọ́dẹ́ẹ̀lì pè fún Ayétòrò di púpọ̀, lọ́jọ́ tí ìgbì kan náà máa gúnlẹ̀.

Ẹ fi díẹ̀ lára ohun tí sátẹ́láìtì rí pamọ́, kí ẹ fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Bí àtúnṣe ò bá sún mọ́ ọn ju àsọtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ gba rédà gbọ́ jù. Ẹ dín 0.8 yẹn kù, kí ẹ tún un ṣírò.