Bí Òfìfo Ṣe Di Òdo Nínú q: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Owó tí iléeṣẹ́ wa dá padà fún àwọn oníbàárà kò tíì tán nínú mi. Orí mi ni ọ̀gá dà á lé, bẹ́ẹ̀ ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni gbogbo wàhálà náà ti wá, ìlà tí mo bá níbẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó dé.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mítà iná àwọn ṣọ́ọ̀bù la sì ń bójú tó. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mítà máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́, 48 lójúmọ́. q la fi ń ṣe iṣẹ́ náà, èdè kọ̀ǹpútà tí Arthur Whitney gbé jáde ní 2003, tí àwọn báńkì ńláńlá nílùú yìí náà ń lò. Èdè tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ohun tí mo máa ń fi odindi ojú ìwé kan kọ ní Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ìlà kan ti tó o níbí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù.

Òfin tiwa kò le. Bí nọ́ńbà kan bá wọlé lábẹ́ òdo, mítà ló ń ṣe ségesège, ká sọ ọ́ di òdo. Èyí tí kò bá wọlé rárá, tí q ń kọ ní 0N, ká fi í sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹnì kan lè lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mítà. Ìlà tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

L:?[L<0;0;L]

L ni lísìtì nọ́ńbà tí mítà fi ránṣẹ́. Ibi tí L bá ti kéré sí òdo, kó fi òdo síbẹ̀; ibi yòókù, kó fi L sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ló máa rí i tí yóò fura?

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló kọ́kọ́ pariwo. Bíìlì rẹ̀ ti ń kéré bọ̀, àfi ìgbà tí ẹnì kan lọ fi ojú ka mítà rẹ̀ tí bíìlì sì fò sókè lójijì. Ó ní, "Ọmọ mi, fírísà mi mẹ́ta, ẹja àti ẹran ló kún inú wọn, wọn kì í sùn. Ẹ wá ní mi ò lo iná lóru? Ta ló ń bá mi lò ó nígbà náà?" Mo ní kí wọ́n má bínú, mà, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí àkọsílẹ̀ wọn: láti aago méjì òru títí di márùn-ún ìdájí, òdo, òdo, òdo. Mítà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ ní gbogbo wákàtí yẹn. Nǹkan kan ló fi òdo dí àlàfo náà, nígbà tó sì ti di òdo, kò sẹ́ni tó lọ béèrè.

Mo tú ibi tí nọ́ńbà ti ń wọlé palẹ̀, mo tú fáìlì, mi ò rí nǹkan kan. Ìlà yẹn ni mo yẹ̀ wò kẹ́yìn, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti Python tàbí SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi àkójọ dátà léèrè, wá yóò búra fún un. Ní SQL, òfìfo kò kéré sí òdo, kò sì jù ú lọ. Ní Python, bí o bá bi nan, òfìfo tiwọn, bóyá ó kéré sí òdo, rárá ni yóò dá ọ lóhùn. Nínú q, òfìfo kéré sí gbogbo nọ́ńbà pátá. Ìdí ni pé -9223372036854775808, nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí bíìtì 64 lè gbé, ni wọ́n fi pa 0N mọ́. Mo wá fi lísìtì kékeré dán an wò; where ló ń sọ ipò tí ohun tí a béèrè wà:

L:420 0N -3 515 0N
where L<0
1 2 4

Láti òdo ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ipò 2 ni -3 wà. Kí wá ni 1 àti 4 ń wá níbẹ̀?

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n má da ara mi láàmú, kí n kàn fi "kì í ṣe òfìfo" kún un:

where L<0 and not null L
1 2 4

Ẹ gbà mí! Kò yí padà rárá. Ibí yìí ló ti jẹ òpin ọ̀sẹ̀ mi. q kì í ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Ọ̀tún ló ti ń bọ̀ wá sí òsì, kò sì sí àmì tó ju àmì lọ, àṣà tí Kenneth Iverson ti fi lélẹ̀ látinú APL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó dá sílẹ̀. Kọ 2*3+4, 14 ni yóò fún ọ, kì í ṣe 10. Nítorí náà, "0 and not null L" ló kọ́kọ́ ṣe. Iṣẹ́ tí and sì ń ṣe nínú q ni pé kó mú èyí tó kéré nínú méjì. Láàárín 0 àti ohun tó jẹ́ 1 tàbí 0, èwo ló kéré? Òdo náà ni. Gbogbo ohun tí a fi kún un di òdo, ìlà náà sì padà di L<0 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. q yìí kan náà ni o, tó máa ń jágbe 'type, àṣìṣe irú dátà, mọ́ mi láìṣàlàyé bí mo bá ki lísìtì bọ inú $[ ; ; ], ìbéèrè bẹ́ẹ̀ni-tàbí-rárá rẹ̀ tó ń gba ohun kan ṣoṣo. Níbi tó yẹ kó pariwo, ẹnu rẹ̀ wọlẹ̀.

Àkámọ́ méjì péré ló tún un ṣe:

i:where (L<0) and not null L
L[i]:0
L
420 0N 0 515 0N

Ẹ wò ó! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá Peckham fúnra mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́, owó àwọn ńkọ́?

Bí ẹ bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ya i sọ́tọ̀ bí mo ṣe yà á, kí ẹ lè fojú rí àwọn ipò tó fẹ́ yí padà kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lísìtì tí ẹ bá fi ń dánwò, ẹ má jẹ́ kó wà láìsí 0N nínú. Àwọn kan fẹ́ràn @[L;i;:;0], tó ń fi òdo sí àwọn ipò i, kò burú, àmọ́ lísìtì tuntun nìyẹn ń dá padà, L fúnra rẹ̀ kò yí padà àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí: @[`L;i;:;0]. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ lo 0|L, tó ń mú èyí tó tóbi nínú méjì, nítorí pé ó kúrú, ẹ dá a lóhùn pé rárá: òun náà máa ń sọ òfìfo di òdo.